Bí A Ṣe Ń Gbé Linux Sórí Kọ̀ǹpútà Láìpàdánù Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú gbogboogbò tó ń ṣe fún Windows 10. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ díẹ̀ ni kò sì kúnjú òṣùwọ̀n láti gba Windows 11. Kọ̀ǹpútà tí kò bá rí àtúnṣe gbà mọ́ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti yẹ̀ ló rí: bó pẹ́ bó yá, olè yóò wọlé.

Ṣé kí ènìyàn gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jùnù ni? Rárá o. Ọ̀nà kan wà tí kò ná ènìyàn ju owó dátà lọ, òun náà ni pé kí a gbé Linux sórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, ọmọ ilé-ìwé gíga lè ṣe é láàárín wákàtí kan. Àmọ́ ibì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá ṣi bọ́tìnnì kan tẹ̀ níbẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó, ìwé-ẹ̀rí àti àkọsílẹ̀ òwò ọdún mẹ́wàá lè parẹ́ ráúráú. Nítorí ibẹ̀ gan-an la ṣe kọ àlàyé yìí.

KÍ NI LINUX?

Kọ̀ǹpútà kò lè dá ohunkóhun ṣe láìsí ètò tó ń darí rẹ̀. Ètò yìí ló ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà, òun ló ń gbọ́ ohun tí a bá tẹ̀, òun náà ló sì ń pa fáìlì mọ́. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Unix jẹ́ òmíràn, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Bell Labs, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 1969.

Unix dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní oní-ǹkan, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè lò ó bó ṣe wù wọ́n. Ní ọdún 1983, Richard Stallman kéde iṣẹ́ tó pè ní GNU: ètò tó jọ Unix, tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tí yóò lè dà kọ, tí yóò sì lè tún ṣe. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, sọ fún aráyé pé òun ń kọ ọkàn irú ètò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀, ohun tí a ń pè ní Linux lónìí ló jáde. Ọkàn Linux yìí kan náà ló wà nínú gbogbo fóònù Android tí a ń gbé káàkiri.

Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni Linux ní. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀, kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2004. Orúkọ náà wá láti inú èdè àwọn ará Gúúsù Áfíríkà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí sí ọmọnìkejì. Títí di ọdún 2011, wọ́n máa ń fi díìsìkì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè fún un. Òun la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo agbára kọ̀ǹpútà yín. Ubuntu 24.04, tó jáde ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ń fẹ́ RAM 4 GB àti àyè 25 GB lórí háàdì díìsìkì. Wọn yóò máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọdún 2029. Bí RAM yín bá jẹ́ 2 GB péré, ẹ wá Linux Mint, ẹ̀yà Xfce, nítorí òun fúyẹ́ jù ú lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ da gbogbo fáìlì yín kọ sórí háàdì díìsìkì tó dá dúró lọ́tọ̀. Kí ẹ tó gbà pé ẹ ti dà á kọ, ẹ yọ díìsìkì náà, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì ṣí fáìlì mélòó kan wò. Ìwé tí a kò bá tíì ṣí wò, a kò tíì lè sọ pé a ní in lọ́wọ́.

Orí ojúewé Ubuntu fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gba fáìlì náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lábẹ́ gòlótó. Ó tóbi tó nǹkan bí 6 GB, nítorí náà ẹ wá ibi tí dátà ti rọrùn. Àwọn tó ṣe é tún kọ àmì gígùn kan tí wọ́n ń pè ní SHA256 fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Lórí Windows, àṣẹ certutil -hashfile, tí orúkọ fáìlì náà àti SHA256 tẹ̀ lé, yóò gbé àmì ti fáìlì yín jáde. Bí méjèèjì kò bá bára mu, fáìlì náà ti bàjẹ́ lọ́nà tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án; ẹ má ṣe lò ó.

Ẹ wá fi ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì 16 GB. Ẹ rántí pé ohun gbogbo tó wà lórí fláàṣì náà tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́.

Ẹ DÁN AN WÒ NÁ

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án padà, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tí yóò jẹ́ kí ẹ yan ibi tó ti máa gbéra. Lórí Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, F12 ni. Lórí HP, F9 ni. Nígbà tí Ubuntu bá dìde, ẹ yan “Try Ubuntu”. Orí fláàṣì ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, kò sì ní fọwọ́ kan háàdì díìsìkì yín.

Ẹ má ṣe kánjú kúrò níhìn-ín. Ẹ wò bóyá Wi-Fi ń mú, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ń dáhùn. Ẹ ro iṣẹ́ yín wò pẹ̀lú. Kò sí CorelDRAW tàbí Microsoft Office tí wọ́n ṣe fún Linux lónìí. LibreOffice máa ń ṣí ìwé Word, ṣùgbọ́n ìlà àti àyè lè yí díẹ̀. Atẹ̀wé tó jẹ́ pé CorelDRAW ló fi ń jẹun kò gbọdọ̀ pa Windows rẹ́. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà, ìṣirò owó, fíìmù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni tirẹ̀, kò ní ṣàárò ohunkóhun.

IBI TÍ EWU WÀ

Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún dáadáa, nítorí iná kì í dágbére kó tó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí Windows àti Linux jọ máa gbé, ẹ kọ́kọ́ wọ Windows, kí ẹ pa “Fast Startup”. Bí BitLocker bá ń ti díìsìkì yín, ẹ ṣí i, kí ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé.

Ètò náà yóò béèrè èdè, irú bọ́tìnnì ìtẹ̀wé àti Wi-Fi. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ pín háàdì díìsìkì. Ibi tí a ń sọ láti òkè nìyí. “Install Ubuntu alongside” túmọ̀ sí pé Windows yóò dúró síbẹ̀, Ubuntu yóò sì gba àyè tirẹ̀. “Erase disk and install Ubuntu” túmọ̀ sí pé ohun gbogbo tó wà lórí díìsìkì náà yóò lọ: Windows, ìwé, àwòrán, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí díìsìkì bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi ìwọ̀n GB wọn dá wọn mọ̀, kí ẹ sì yọ díìsìkì tí ẹ da fáìlì kọ sí kúrò lára ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, kí a lè fi tu ẹni tí nǹkan bàjẹ́ fún nínú. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ìtùnú yẹn kò tó. Agbè ṣeé rà lọ́jà. Omi tó dànù ni ènìyàn ń sunkún lé lórí. Kí ẹ tó tẹ “Install”, ètò náà yóò to gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe síwájú yín. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Títí di ìgbà yẹn, ẹ ṣì lè padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àpadà mọ́.

LẸ́YÌN TÓ BÁ PARÍ

Kí ẹ tó dé ibi “Install” yẹn, ẹ ó ti yan Lagos fún àkókò, ẹ ó sì ti fún ara yín ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ẹ kò ní gbàgbé. Nígbà tó bá parí, ẹ yọ fláàṣì, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà padà. Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt upgrade. Sudo ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń gba àṣẹ kí a tó fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ àṣẹ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìròyìn ayọ̀ kan tún wà fún wa. Nínú “Settings”, lábẹ́ “Keyboard”, ẹ lè fi ìlànà ìtẹ̀wé Yorùbá kún èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ kò ní sanwó fún un, ẹ kò sì ní wá a lọ sọ́nà jíjìn, kí ẹ tó lè kọ ẹ, ọ àti ṣ bó ṣe yẹ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó da fáìlì rẹ̀ kọ, tó dán Linux wò, tó sì fara balẹ̀ ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, kò ní kábàámọ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń pè ní àkúrun yóò tún di ohun èlò nílé, bóyá fún ọmọ tó ń múra ìdánwò, bóyá fún ìyá tó ń kọ àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀.