Ohùn Ògbufọ̀ nínú Sinimá Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ipò tí èdè wà nígbà tí a bá ń fi àwòrán tí ń rìn kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú Àwórì ni Itele, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jí lọ sídìí ẹ̀rọ ní Ọ̀tà àti Sángo wà lára àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lónìí. Òfin Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn sídìí ẹ̀rọ tó lè ṣe é léṣe láìjẹ́ pé a ti ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún un ní kíkún. Bí ó bá jẹ́ fídíò ni a fi ṣe àlàyé náà, èdè wo ni fídíò ọ̀hún ń sọ?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń fà jà ní Èkó láti ọdún 1924 lọ, William Sellers, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìlera, lo sinimá láti fi kọ́ ará ìlú bí wọn yóò ṣe gbógun ti eku. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní ọdún 1939, òun ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ ibẹ̀. Ìgbàgbọ́ Sellers ni pé ojú aláwọ̀ dúdú kò lè tètè bá àwòrán rìn; nítorí náà, kí a máa yà á díẹ̀díẹ̀, kí a má fi ọgbọ́n ẹ̀rọ kankan sí i. Àwa kò gba èyí. Peter Morton-Williams, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn òǹwòran ìgbèríko Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, rí i pé ohun tó bá ìgbé-ayé wọn mu ni wọ́n ń lóye jù. Àìmọ ohun tí à ń fi hàn ni ìṣòro, kì í ṣe ojú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọkọ̀ sinimá ayé ìgbà náà ṣe tó dára púpọ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù wọn kò ní ohùn, nítorí náà ògbufọ̀ a dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a sì máa fi èdè ìlú ṣàlàyé bí àwòrán ti ń lọ. Lójú tiwa, ẹnu ògbufọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ ti ń wá ju ara ògiri lọ. Fídíò tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti lé e kúrò láìfi ẹnikẹ́ni dípò rẹ̀. Ó yẹ kí a lè dá àwòrán náà dúró, kí òṣìṣẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú ọ̀gá kí a tó tẹ̀ síwájú.

Ibí yìí ni iṣẹ́ kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ irú ìlànà bẹ́ẹ̀, a ó rí ẹni tí yóò kọ pé, ‘Mú agbára mànàmáná kúrò nínú ẹ̀rọ náà.’ Ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí ará ilé-iṣẹ́ yóò gbọ́ ni pé, ‘Bó bá há, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ pátá, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.’ ‘Ẹ’ ni a kọ, kì í ṣe ‘o’, nítorí baálé ilé wà lára àwọn tí ń wò ó.