Àkúnlẹ̀yàn Inú Eré Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ni ó fẹ́ràn eré kan lórí kọ̀ǹpútà, nínú èyí tí ẹni tí ń ṣeré ń di akọni inú ìtàn, tí ó ń la igbó àti ihò kọjá, tí ó sì ń bá iwin àti ẹranko abàmì jà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ní láti kọ́kọ́ dá akọni rẹ̀: iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe, báwo ni agbára rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó, kí ni yóò mọ̀, kí ni kò ní mọ̀. Àgbàlagbà lè rò pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí. Bẹ́ẹ̀, ó lé ní 50 ọdún tí àwọn tí ń ṣe irú eré yìí ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ta ni ó yẹ kí ó yan ìpín akọni, ṣé ó sì ṣe é yí padà bí a bá ti yàn án tán?

Orí tábìlì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974 ni Gary Gygax, ará Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, àti Dave Arneson, ará Minnesota, gbé Dungeons & Dragons jáde. Ohun mẹ́fà ni wọ́n fi ń wọn akọni: agbára, òye, ọgbọ́n, ìlera, ìyára ọwọ́, àti iyì tí ń fa ènìyàn mọ́ra. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó da ọmọ lúdò mẹ́ta sílẹ̀, a ó ro iye wọn pọ̀. Ohun tí ó bá jáde, láti 3 títí dé 18, ni ìpín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 216 ni a lè retí 18. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó yan iṣẹ́: jagunjagun, oṣó tàbí àlùfáà. Àwọn baba wa ya àkúnlẹ̀gbà sọ́tọ̀ kúrò lára àkúnlẹ̀yàn: ọ̀kan ni ohun tí a fi fún ènìyàn, èkejì ni ohun tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Àkúnlẹ̀gbà ni eré 1974 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Ẹni tí òye rẹ̀ kéré lè ní dandan òun yóò ṣe oṣó, ṣùgbọ́n ìlọsíwájú rẹ̀ yóò máa falẹ̀.

Ọ̀nà tí eré náà gbà wọ inú kọ̀ǹpútà yóò pa àwa olùkọ́ lẹ́rìn-ín. PLATO, ẹ̀rọ tí Yunifásítì Illinois bẹ̀rẹ̀ ní 1960 fún kíkọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ni Rusty Rutherford kọ ọ̀kan sí ní 1975. Pedit5 ni ó ń jẹ́, orúkọ tí kò jọ ti eré rárá. Nígbà tí àwọn alábòójútó sì rí i, wọ́n pa á rẹ́.

Ní 1981, Wizardry, tí Andrew Greenberg àti Robert Woodhead ṣe, fún ẹni tí ń ṣeré ní máàkì díẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ pín in. Ṣùgbọ́n iye máàkì náà kì í dọ́gba. Nítorí náà, àwọn ènìyàn a máa pa akọni tì, wọn a tún dá òmíràn, títí ọwọ́ wọn yóò fi tẹ máàkì púpọ̀.

Èyí tí èmi kà sí ọlọ́gbọ́n jù nínú gbogbo wọn ni Ultima IV, tí Richard Garriott ṣe ní 1985. Kò sí ọmọ lúdò níbẹ̀, kò sì sí máàkì tí a ń pín. Obìnrin aláfọ̀ṣẹ kan ni yóò bi ọmọ náà ní ìbéèrè méje, nínú èyí tí ìwà rere méjì ń forí gbárí: bí òdodo bá ní kí o ṣe èyí, tí àánú sì ní kí o ṣe ìyẹn, èwo ni ìwọ yóò ṣe? Ìwà rere mẹ́jọ ni ó wà. Méjì-méjì ni wọ́n ń pàdé, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ń du ife-ẹ̀yẹ, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ẹni tí ó fẹ́ òtítọ́ jù yóò di oṣó, ẹni tí ó fẹ́ àánú yóò di akọrin, ẹni tí ó fẹ́ ìgboyà yóò di jagunjagun. Ẹni tí ó bá sì yan ìrẹ̀lẹ̀ yóò di darandaran, tí agbára ogun rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ìrìn àjò rẹ̀ sì le ju ti àwọn yòókù lọ. N kò tíì rí ìwé ẹ̀kọ́ ìwà tí ó jẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ pé ìrẹ̀lẹ̀ a máa ná ènìyàn ní nǹkan.

Inú Diablo II, tí ó jáde ní 2000, ni ọ̀rọ̀ náà ti di ìrora. Ní gbogbo ìgbà tí akọni bá gun ipele kan, ó ń gba máàkì kan fún ìmọ̀ iṣẹ́ àti márùn-ún fún ara. Ibi tí ó bá sì fi í sí, ibẹ̀ ni yóò wà. Ọmọ tí ó yan oṣó lè kó gbogbo máàkì rẹ̀ lé iná. Iná náà yóò ṣiṣẹ́ fún un fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, títí yóò fi dé ìsọ̀rí kẹta, tí wọ́n ń pè ní Hell, níbi tí àwọn ọ̀tá púpọ̀ wà tí iná kì í ràn. Kò sí ohun tí ó lè ṣe mọ́ ju pé kí ó padà lọ dá akọni mìíràn. Ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ Blizzard tó yí òfin padà, tí ẹni tí ó bá parí iṣẹ́ àkọ́kọ́ inú eré náà fi lè gba máàkì rẹ̀ padà kí ó sì tún un pín.

Àwọn kan gbà pé yíyàn tí a lè yí padà kò ní iyì. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, n kò sì fara mọ́ ọn. Níbi tí mo ti ń yẹ ilé-ìwé wò, mo ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS 3, tí a ní kí wọ́n yan ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ti àwọn ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn, tàbí ti òwò, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì wọ láàbù rí. Ọmọ tí ó bá dé SS 2 tí ó rí i pé iná òun kò ràn mọ́, ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un?

Nínú Baldur's Gate 3, tí Larian Studios ti Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 2023, tí ó sì ń tẹ̀lé òfin Dungeons & Dragons, baba kan tí ó gbẹ bí egungun ń bẹ nínú àgọ́ àwọn akọni; Withers ni orúkọ rẹ̀. Fún 100 owó wúrà, yóò jẹ́ kí ẹni tí ń ṣeré tún iṣẹ́ akọni rẹ̀ yàn, kí ó sì tún máàkì rẹ̀ pín, iye ìgbà tí owó rẹ̀ bá ká a. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí a bí akọni sí, òun náà kò lè yí i padà.