Níbi tí Kọ́bọ̀ ti Ju Náírà Lọ: Ìtàn Scrabble àti Agbára Ọ̀rọ̀ Kékeré

Bí ẹ bá mú kọ́bọ̀ kan lọ sọ́jà ní Ẹdẹ lónìí, kò sẹ́ni tó máa bá yín ná nǹkan kan. Ọmọdé gan-an ò ní gbà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tí Nàìjíríà ti pa owó pọ́n-ùn tì, 100 kọ́bọ̀ ló ń jẹ́ náírà kan, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ti di ohun tí à ń rí nínú ìwé ìṣirò ju inú àpò lọ. Síbẹ̀, ibì kan wà tí kọ́bọ̀ ti tó náírà lọ́nà méjì. Ibẹ̀ ni orí bọ́ọ̀dù Scrabble. Bí ẹ bá tẹ́ KOBO síbẹ̀, máàkì 10 ni: K jẹ́ 5, B jẹ́ 3, O méjèèjì jẹ́ 1, 1. Bí ẹ bá tẹ́ NAIRA, máàkì 5 péré ni, nítorí kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tó ju 1 lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló sì wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbi ìdíje àgbáyé.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó ti Scrabble ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ gígùn ni mò ń wá kiri. Mo di lẹ́tà mọ́wọ́, mò ń dúró de èyí tí màá fi fọ́n gírámà tí gbogbo àwọn tó ń wòran máa pariwo sí. Ẹni tí a jọ ń ta á kò tiẹ̀ wojú mi. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì, onílẹ́tà mẹ́ta ló ń tẹ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tá a parí, ó fi máàkì tó lé ní 100 na mí. Ojú tì mí, mo bá lọ wádìí ìtàn eré náà.

Ọkùnrin tó ń ka lẹ́tà

Alfred Mosher Butts ló dá eré yìí sílẹ̀. Ayàwòrán-ilé ni, ọmọ ìlú Poughkeepsie ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó, ó ń ro eré kan tí yóò pa ọgbọ́n àti oríire pọ̀. Kó tó fi iye sí lẹ́tà kankan, ó mú ìwé ìròyìn, New York Times wà lára wọn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn. E ló pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú 100 tó wà nínú àpò, tí máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 1. Q àti Z ṣọ̀wọ́n, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n, máàkì 10 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. S nìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ dín kù sí mẹ́rin, torí ó rọrùn jù láti fi í bẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kó sì di púpọ̀.

Ní 1938, eré náà ti dà bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, àmọ́ kò sílé-iṣẹ́ tó fẹ́ rà á. Ó di 1948 kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Brunot tó gbà á, tó sì sọ ọ́ ní Scrabble. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Brunot àtìyàwó rẹ̀ ṣe 2,400, wọ́n sì pàdánù 450 dọ́là. Ọdún 1952 ni ọjà náà tó tà wàràwàrà.

Ẹ kíyè sí i pé láti ìpìlẹ̀, ṣíṣọ̀wọ́n lẹ́tà ni Butts fi díwọ̀n iye rẹ̀. Kò sanwó fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ta á

Fún ẹni tí kò tíì ta á rí, bọ́ọ̀dù náà ní ilé 225, ìyẹn 15 ní ìbú, 15 ní òòró. Lẹ́tà méje méje ni oníkálukú ń mú nínú àpò láìwo inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ilé àárín kọjá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e sì gbọ́dọ̀ kan èyí tó ti wà nílẹ̀. Àwọn ilé aláwọ̀ kan ń sọ máàkì lẹ́tà tàbí ti odindi ọ̀rọ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Bí o bá tẹ́ lẹ́tà méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà, wàá gba 50 lé e. Bí o bá tẹ́ ohun tí kò sí nínú ìwé ọ̀rọ̀, tí ẹnì kejì rẹ sì pè ọ́ níjà, wàá kó o kúrò, ó sì tún kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní T kan ti wà lórí bọ́ọ̀dù, ẹ sì fi lẹ́tà mẹ́fà sọ ọ́ di STUDENT. Láìka ilé aláwọ̀, máàkì 8 ni gbogbo làálàá yẹn. Ẹnì kejì yín wá tẹ́ QI, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Máàkì 11 ni. Bí Q náà bá bọ́ sórí ilé tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, tí I sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, QI méjì ló kọ lẹ́ẹ̀kan náà: 31 lọ́nà méjì, àròpọ̀ rẹ̀ 62.

Àwa àti gírámà ńlá

Ká sọ òótọ́, èyí kò bá bí wọ́n ṣe tọ́ wa mu. Láti ayé òyìnbó ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn ti jẹ́ àmì pé èèyàn kàwé. Akọ̀wé tó bá ń sọ ohun tí kò yé ará abúlé ni wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé. Nínú òṣèlú, gbogbo Nàìjíríà ló mọ Olóyè K. O. Mbadiwe, mínísítà nígbà ìjọba olómìnira àkọ́kọ́, mọ́ gírámà rẹ̀ tó ń dún bí ìbọn. Títí dòní, bí ẹnì kan bá dìde ní ìjókòó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó sì tú ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́fà sílẹ̀, àtẹ́wọ́ ló máa gbà, bí kò tiẹ̀ dáhùn ìbéèrè.

Nítorí náà, ó yẹ kí èèyàn rò pé bí ọmọ Nàìjíríà bá máa borí ní Scrabble, ọ̀rọ̀ gígùn ló máa fi borí. Ìtàn sọ ohun mìíràn.

Ìlú London ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní 1991, ará Amẹ́ríkà kan, Peter Morris, ló gbà á. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ọmọ Áfíríkà tó gba ipò kìíní. Wellington Jighere, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta, ṣe ipò kẹta ní Mumbai ní 2007. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní Perth ní Australia, òun àti Lewis Mackay láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kù fún àṣekágbá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba mẹ́rin nínú méje ló borí. Jighere gba mẹ́rin léraléra, kò fún ọmọ onílé èdè ní ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ròyìn lọ́jọ́ náà ni FELTY, lẹ́tà márùn-ún péré, tó fi gba máàkì 36. Ààrẹ Buhari pè é lórí fóònù láti kí i.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ti Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí ọgbọ́n tí àwọn ará Nàìjíríà ń lò. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n ń tẹ́, nígbà mìíràn kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ gígùn wà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀rọ̀ gígùn ń ṣí ojú bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún alátakò, ó ń gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ilé pupa tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Ó tún ń tú ọwọ́ ẹni ká: èèyàn á ná gbogbo lẹ́tà tó dára tán, á sì kù sọ́wọ́ òun àti àpò tí kò mọ ohun tó máa jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin tó sì fi lẹ́tà mẹ́ta tó bára mu pa mọ́ ń gbìn fún ọ̀la.

Ọ̀ta àti ọ̀pẹ

Ta ló kọ́ wọn? Prince Anthony Ikolo ni olùkọ́ ẹgbẹ́ náà nígbà náà, ìṣirò sì pọ̀ nínú ohun tó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó lábẹ́ igi níbi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò ọlọ́pọ́n máa mọ̀ pé irú ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì. Ilé 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pẹ á máa wo ibi tí yóò ti jẹ báyìí. Ọ̀ta á ti ka ọmọ tó wà nílé alátakò rẹ̀, á mọ ibi tí ìyẹn máa ta dé, á sì kọ oúnjẹ díẹ̀ sílẹ̀ torí èyí tó ń bọ̀. Lórí Scrabble náà, ọ̀ta máa ń ka lẹ́tà tó ti jáde, kó lè mọ èyí tó kù nínú àpò.

Ẹnì kan lè ní: ṣé ìyẹn wá jẹ́ ìmọ̀ èdè? Rárá. Ní oṣù keje ọdún 2015 kan náà, Nigel Richards, ará New Zealand, gba ife àgbáyé Scrabble ti èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ kò lè sọ Faransé. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló kó sórí. Ẹni tó mọ FELTY lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Mi ò sì gbà pé àbùkù nìyẹn. Ohun tó fi hàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí èèyàn lè kà ni, tó lè tò, tó lè fi ta, láìjẹ́ pé ó wólẹ̀ fún un.

Ta ló ti ka tiwa?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyí. Butts ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá gbé àpò rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ Yorùbá, ọwọ́ onítọ̀hún máa há. Kò sí Ẹ, kò sí Ọ, kò sí Ṣ, kò sí GB. Q, X, Z, V àti C tó gbówó lérí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa tó jẹ́ lẹ́tà 25. K tí wọ́n fún ní máàkì 5 torí pé ó ṣọ̀wọ́n, gbólóhùn mélòó la lè sọ láìlo kí, kò, ká tàbí kan? Ẹ ka òwe yìí: Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lẹ́tà 12 ni. A mẹ́ta, Ọ mẹ́ta, N méjì, K kan, O kan, W kan, J kan. E tó pọ̀ jù ní Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀ rárá. Òwe kan kò tó díwọ̀n èdè, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé iye tí Butts fi sí lẹ́tà kì í ṣe tiwa. S pàápàá kò ní wúlò fún wa bó ṣe wúlò fún wọn, torí “àwọn” là ń fi sọ nǹkan di púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré wá ńkọ́? Láti 2019, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì 127 ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìdíje àgbáyé, àwọn ọ̀ta sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 la ní. Bí GB bá jẹ́ lẹ́tà kan, bí a bá so ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, 126 ni: ba, bẹ, bí, bọ́, gbé, gbọ́, wá, wò. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tí à ń lò lójoojúmọ́, púpọ̀ sì ní ju ìtumọ̀ kan lọ, nítorí ohùn.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló gbé mi padà sí Ẹdẹ. Láti 1946 títí di 1975, Ọba Adétóyèṣe Láoyè Kìíní ló jẹ́ Tìmì ìlú yìí. Ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lùlù ni, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ohùn nìkan ni ìlù ní, kò ní lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìlù fi máa ń gùn, kí etí lè mọ èyí tó ń sọ. Scrabble ní lẹ́tà, kò ní ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré ọ̀rọ̀ Yorùbá tó péye máa ní láti pinnu ohun tó máa ṣe sí àmì ohùn: ṣé “bí” àti “bì” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lórí bọ́ọ̀dù, àbí méjì?

Ká tó dé ibẹ̀, kíkà ló kọ́kọ́ kàn. Butts kò ní kọ̀ǹpútà, ìwé ìròyìn àti pẹ́ńsù ló lò, kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwa náà lè mú ojú ewé mẹ́wàá nínú Aláròyé, ká ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká yà Ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára E, ká ka GB gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹni tó bá ka tirẹ̀ tán, kó mú iye K rẹ̀ wá ká fi wéra.