Ṣadé, Sade, Shar-day: Ohun tí Àmì Kékeré Abẹ́ S Ń Ṣe sí Orúkọ Olórin

Ní ọdún 1985, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ atọ́kùn ètò ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀gá mi bá mi wí nítorí pé mo pe orúkọ kan bí ó ti yẹ kí a pè é. Àwo tuntun kan ni mo fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ló mú un ti Amẹ́ríkà bọ̀. Mo kí àwọn olùgbọ́, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ Ṣadé," mo sì gbé orin sí i. Orin kò tíì dé ìdajì tí ọ̀gá fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tí ó na ìka sí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èèpo àwo náà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kò rí ohun tí wọ́n kọ síbí ni? Ṣáàdè ni! Bí wọ́n ṣe ní kí a máa pè é nìyẹn."

Mo dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ má bínú sà, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni."

Ó ní kí n fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, kí n ka ohun tí ó wà lára àwo. Nígbà tí orin parí, mo pè é ní Ṣáàdè. Ojú tì mí gidigidi, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ wa nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ọmọdé nígbà náà lè má mọ bí orin obìnrin yìí ṣe gba ayé kan. Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Helen Folasade Adu ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 1959. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ pínyà, ìyá kó àwọn ọmọ lọ sí Ìlú Ọba, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Ní 1984 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwo Diamond Life jáde. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́ Sade, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń lu ohun èlò: Stuart Matthewman, Andrew Hale àti Paul Denman. Orúkọ ọmọ Ìbàdàn kan di orúkọ ẹgbẹ́ akọrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1986, wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy tí a ń fún olórin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí àwo náà fẹ́ wọ Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń tà á mọ̀ pé bí ará Amẹ́ríkà bá rí s-a-d-e lára àwo, kò ní mọ bí yóò ṣe pè é, ẹni tí kò bá sì lè pe orúkọ olórin kò ní lè béèrè rẹ̀ ní ìsọ̀. Wọ́n bá lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn pé "Shar-day" ni kí a máa pè é. N kò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ran oníbàárà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìrànlọ́wọ́ náà bí.

Lẹ́nu àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà r tí ó bá tẹ̀lé fáwẹ́lì báyìí kì í dún. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń ṣe ni pé ó ń fa a gùn. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá ka "shar", "ṣàá" ni a ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà a máa pe r tiwọn kedere. Nítorí náà, lẹ́tà tí ẹnì kan fi síbẹ̀ kí ó má baà dún, ó dún. R tí kò sí nínú orúkọ náà láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bọ́ sínú rẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn òbí adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọbìnrin wọn ní Sade, Sharde, Sharday, Chardae. Inú mi kì í bàjẹ́ sí àwọn òbí wọ̀nyí rárá. Ẹni tí wọ́n já orúkọ baba ńlá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oko ẹrú, tí ó wá gbọ́ orúkọ kan tí ó dùn létí rẹ̀, tí ó sì fi sọ ọmọ, kí ni a fẹ́ bá a wí sí? Orúkọ Yorùbá ló gbé bọ̀ wálé láìmọ̀.

Ohùn náà ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ohun tí ó ní ni pé kí a tẹ apá kan ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ gbọingbọin ju èkejì lọ. Ibi tí wọ́n bá tẹ̀ ni etí wa máa ń gbọ́ bí ohùn òkè, èyí tí ó kù a sì wálẹ̀. Bí a ṣe rí "tísà" nìyẹn. Nígbà tí àwọn kan sì tẹ "Shar" mọ́lẹ̀, orúkọ tí ó yẹ kí ó gòkè, re mi, wá ń sọ̀kalẹ̀. Orí orúkọ di ìdí, ìdí di orí.

Fọláṣadé ni odidi orúkọ náà: ẹni tí ó fi ọlá ṣe adé. Bí a bá gé e kúrú, "ṣe adé" ni ó ṣẹ́kù. Bí a bá wá yọ àmì abẹ́ s àti àmì ohùn kúrò, tí a kọ ọ́ ní Sade lásán, Yorùbá tí kò mọ olórin náà rí lè kà á sí "sá dé". Ẹni tí ó dé adé di ìsáǹsá.

Àmì kékeré yìí ti ń fa wàhálà tipẹ́. Ní 1875, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó láti jíròrò bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, ọ̀rọ̀ nípa àwọn lẹ́tà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní tiwọn ń kọ "sh" lọ, ìdí nìyẹn tí a fi rí Oshogbo àti Shagamu nínú àwòrán ilẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí táípúráítà dé, kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ s rẹ̀. Akọ̀wé tí ó bá ní ìfọkànsìn a tẹ̀wé tán, a mú bírò, a sì fi ọwọ́ kan àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní àkókò a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ wa ṣe wọ ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí àti ẹ̀yìn àwo láìwọ bàtà nìyẹn.

Orúkọ olórin mìíràn ṣe oríire. Aníkúlápó, orúkọ tí Fẹlá mú ní àárín ọdún 1970 sí 1979 dípò Ransome, gùn, òyìnbó a sì máa bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tí ó ní àmì lábẹ́. Nítorí náà, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dé òkè òkun láìfarapa. Fẹlá kúkúrú yẹn gan-an ni ó sọ àmì tirẹ̀ nù lọ́nà. King Sunny Adé pẹ̀lú kò ní àmì kankan tí ó lè sọnù lábẹ́ lẹ́tà. Síbẹ̀, nígbà tí àwo Juju Music jáde lọ́wọ́ Island ní 1982, a-d-e yẹn kò rọrùn fún ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdí orúkọ omi ọsàn tí a ń mu tútù ni a-d-e. Ẹ wo adé ọba!

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti Brazil. Ní Bahia, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ilê Aiyê sílẹ̀ ní 1974, wọ́n sì dá Olodum sílẹ̀ ní 1979. "Ilé ayé" ni ti àkọ́kọ́. Láti inú Olódùmarè ni ti èkejì ti wá. Ẹ wo fìlà kékeré tí ó wà lórí ê yẹn. Nínú èdè Potogí, ó ń sọ fún òǹkàwé pé e tí a há ẹnu pè ni, bíi e tiwa tí kò ní àmì lábẹ́, pé ibẹ̀ sì ni kí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n tẹ̀ náà ni ohùn òkè wa wà nínú "ilé" àti "ayé". Àwọn tí a kó bàbá bàbá wọn lọ lẹ́rú, tí wọn kò sì sọ Yorùbá nílé mọ́, fi àmì èdè mìíràn gbé orúkọ náà dúró dáadáa ju bí ilé-iṣẹ́ àwo ṣe gbé Ṣadé lọ. Ṣàngó tiwọn ni Xangô, x wọn sì dún bíi ṣ gẹ́lẹ́. Àwọn ará Kúbà kò ní irú rẹ̀ nínú èdè Sípéènì tiwọn, nítorí náà Changó ni a ń gbọ́ nínú orin Celina González. Ìyẹn sún mọ́ ọn débi tí ó lè sún mọ́ ọn dé.

Ẹ kò ní gbàgbọ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń wá àmì kún orúkọ tiwọn láìnílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ Motörhead, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1975, fi àmì méjì sórí o kan ṣoṣo. Ní Jámánì, àmì yẹn ń yí ìró o padà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ pè é. Mötley Crüe ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú orúkọ kan. Àwọn atẹ̀wé rí àyè fún gbogbo ìyẹn lára àwo.

Kí n má purọ́, àwa náà kì í fi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ bí a ti bá a. Nílé wa, Jíìmù Rífísì ni Jim Reeves, nítorí Yorùbá kò ní v, kò sì fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Ṣọ́bì Ṣẹ́kà ni bàbá mi ń pe Chubby Checker, tí ó fi ijó twist dá wa lára yá. Ahọ́n kò lè ṣe ju agbára rẹ̀ lọ, èyí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n ọ̀gá mi lè pe Ṣadé. Ó ń pè é lójoojúmọ́ ayé. Ó kàn gbà pé èyí tí ó wà lára àwo ni ó tọ̀nà.

Ní 2007, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Paris, Bukola Elemide, gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ tí ó fi ń kọrin: Aṣa. Àmì wà lábẹ́ s lára èèpo àwo náà gedegbe. Mo ra á kí n tó gbọ́ orin kan ṣoṣo níbẹ̀. Àṣá, ẹyẹ tí ń gbé òròmọdìẹ, ni ó ní lọ́kàn, do mi ni ohùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí àmì ohùn lè kà á sí àṣà, do do. Bí ẹ bá sì wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Asa ni ẹ ó bá níbi púpọ̀, bí ẹni pé asà tí a fi ń gba ọfà ni.

Mo fi èèpo àwo náà han ẹ̀gbọ́n mi. Ó gba awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ àmì náà, ó ní, "Ta ló gbà fún un?" Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá mo ṣì rántí ọjọ́ tí mo pe òun ní Ṣáàdè lórí rédíò. Mo ní mo rántí.