Adágún Nyos àti Èémí Ìsàlẹ̀ Omi

Ní ilẹ̀ olókè oníkoríko tí ó wà ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù, tí àwọn òpìtàn ń pè ní Grassfields, àwọn àgbà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ adágún omi, nítorí pé nínú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn ìlú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ nípa adágún tí ó gbé ènìyàn mì àti adágún tí ó bú lójijì. Èyí tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn ni ìtàn àwọn ará Kom. Wọ́n ní Fon ìlú Bamessi, Fon sì ni orúkọ oyè ọba ní agbègbè náà, bá Fon Kom ṣe àdéhùn pé kí oníkálukú wọn kọ́ ilé kan, kí ó ti àwọn ọkùnrin tí ó lè da ìlú rú mọ́ inú rẹ̀, kí ó sì dáná sun ún. Ṣùgbọ́n ti Bamessi ní ilẹ̀kùn mìíràn tí àwọn tirẹ̀ gbà sá jáde, àwọn ará Kom sì jóná sínú tiwọn. Nígbà tí Fon Kom rí i pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, ó pokùn so, omi tí ó ń kán láti ara òkú rẹ̀ di adágún tí ẹja kún inú rẹ̀, àwọn ará Bamessi rọ́ lọ pẹja níbẹ̀, adágún náà sì bú, ó pa wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Kom tọ ipasẹ̀ òjòlá kan dé Laikom, tí wọ́n fi ṣe olú ìlú wọn.

Eugenia Shanklin, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti gbé láàárín àwọn ará Kom fún ìwádìí, ni ó kó irú ìtàn báyìí jọ, tí ó sì dábàá pé ó ṣeé ṣe kí ìrántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ wà lábẹ́ wọn. Àbá náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gidi, nítorí pé àwọn adágún agbègbè yìí kì í ṣe ibi tí odò kàn dúró sí. Àwọn òkè oníná, èyí tí òkúta yíyọ́ máa ń ti abẹ́ ilẹ̀ gba inú wọn tú jáde, tò láti àwọn erékùṣù inú Òkun Àtìláńtíìkì wọ àárín Kamẹrúùnù, ibi tí iná wọn bá sì ti pàdé omi abẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ a bú gbàù, a di kòtò jíjìn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, òjò a sì kún un. Bẹ́ẹ̀ ni adágún Nyos ṣe wáyé. Kò fẹ̀ tó kìlómítà méjì níbi tí ó fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó jìn tó 208 mítà.

Iná ti kú nínú òkè tí ó wà lábẹ́ Nyos fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ èéfín tí kò ṣeé fojú rí ṣì ń ti ìsàlẹ̀ wá. Kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì ni orúkọ rẹ̀. Gáàsì yìí kan náà ni ẹ̀dá ń mí síta, òun náà ni ó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ń bá àwọn ìsun omi abẹ́ ilẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ adágún, ó sì ń yòrò síbẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yòrò nínú ọbẹ̀, láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Adágún Monoun, tí ó wà ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí gúúsù-ìlà-oòrùn Nyos, ni ó kọ́kọ́ fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1984, ènìyàn 37 kú sí ojú ọ̀nà àti ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lẹ́bàá adágún náà. Lára wọn ni àwọn tí ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú bí ó ti ń bọ̀: àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣubú, wọn kò sì dìde mọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ó jókòó sórí ẹrù lókè ọkọ̀ náà yè é, nítorí pé gáàsì tí ó pa àwọn yòókù kò ga dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún tí ìgbìdánwò ìfipá-gbàjọba wáyé ní Kamẹrúùnù ni ọdún náà, nítorí náà àwọn kan fura pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ní ọdún 1985, Haraldur Sigurdsson, onímọ̀ òkè oníná ọmọ ilẹ̀ Áísílándì tí ó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, dé ibẹ̀, ó fa omi láti ìsàlẹ̀ adágún, omi náà sì ń hó bí ó ti ń sún mọ́ òkè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì tí ó tú jáde láti inú omi ni ó pa àwọn ènìyàn náà, àti pé irú ewu bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sínú ìwé ìmọ̀ rí, lè wà ní àwọn adágún mìíràn. Ìwé ìmọ̀ tí ó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí kò gbà á wọlé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro gbà gbọ́. Ọdún 1987 ni ó tó jáde, Nyos sì ti pa ìlú run kó tó dìgbà náà. Ìdádúró yìí ni ó dunni jù nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí pé ọdún méjì péré ni ó wà láàárín àmì àti àjálù.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986 ni, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹun alẹ́, àwọn kan ti sùn. Àwọn tí ó wà lórí òkè gbọ́ ìró kan tí ó ń kù bọ̀ láti ìhà adágún, lẹ́yìn náà kùrukùru funfun kan yọ lórí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí odò gba inú àfonífojì lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ilẹ̀ ni ó sì máa ń wá. Ó gba Nyos, Kam, Cha àti Subum kọjá, ó sì pa ènìyàn títí dé nǹkan bí 25 kìlómítà sí adágún. Àwọn tí ó kú lé ní 1,700, ẹran ọ̀sìn tí ó bá wọn lọ sì tó nǹkan bí 3,500. Àwọn Fúlàní darandaran tí ibùdó wọn ga lórí òkè wà lára àwọn tí ó yè.

Ohun tí àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ rí yàtọ̀ sí àjálù mìíràn. Ilé kò wó, ewéko kò jó àfi èyí tí omi gbá lọ ní bèbè adágún, òkú sì wà lórí ibùsùn àti lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí oorun gbé lọ. Àtùpà ti kú, epo sì kù nínú rẹ̀, nítorí pé iná kò lè jó níbi tí gáàsì náà bá ti gba ipò afẹ́fẹ́. Kò sí eṣinṣin lára òkú. Àwọn kòkòrò àti ẹyẹ náà ti kú. Àwọn kan tí ó ti dákú jí lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, wọ́n sì bá gbogbo ará ilé wọn ní òkú yí wọn ká. Omi adágún fúnra rẹ̀, tí ó máa ń mọ́ gaara, ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, nítorí pé irin tí ó wà nínú omi ìsàlẹ̀ gòkè wá pàdé afẹ́fẹ́, ó sì dípẹtà.

Oríṣiríṣi àlàyé ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ará agbègbè kan ní àwọn baba ńlá ń bínú, àwọn kan ní bọ́ǹbù ni àwọn aláwọ̀ funfun wá dán wò, ẹnu sì ń kun ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn onímọ̀ náà kò fẹnu kò. Haroun Tazieff, ògbóǹtarìgì onímọ̀ òkè oníná láti ilẹ̀ Faransé, sọ pé òkè oníná tí ó wà lábẹ́ adágún ni ó tú gáàsì jáde ní tààrà, àwọn kan sì rò pé ẹ̀rí wà fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yè sọ pé àwọn gbóòórùn ẹyin ọ̀bu tàbí ẹ̀tù ìbọn, èyí tí ó jọ òórùn imí ọjọ́. Àmọ́ omi ìsàlẹ̀ adágún kò gbóná bí ó ti yẹ kí ó gbóná, imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì tí ó bá pọ̀ jù lè tan imú jẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 1987, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Yaoundé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé inú omi ni gáàsì náà ti wà tẹ́lẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ẹni tí ó bá ti ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rí. Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá wà lẹ́nu ìgò, gáàsì á dákẹ́ sínú ọtí. Bí wọ́n bá ṣí i, á hó jáde. Ní adágún Nyos, omi tí ó wà lókè ni ìdérí, nítorí pé ní 200 mítà nísàlẹ̀, ìwúwo omi ń tẹ ohun gbogbo mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 20 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń tẹ̀ wọ́n lórí ilẹ̀ lọ, gáàsì kò sì ríbi gbà jáde. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, òtútù máa ń mú kí omi òkè wúwo, kí ó rì, kí ti ìsàlẹ̀ sì gòkè, tí gáàsì á fi máa jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí ní Kamẹrúùnù, nítorí náà gáàsì ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Bí ohunkóhun bá wá ti omi ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó ya lulẹ̀ tàbí ìjì tàbí òjò tútù, ìhó á bẹ̀rẹ̀, omi tí ó ń hó yẹn á fúyẹ́, á sáré gòkè, á sì fa èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, títí ìdérí á fi ṣí pátápátá. Kì í ṣe ohun tí ó yani lẹ́nu pé oṣù kẹjọ, tí òjò ń rọ̀ tí omi òkè sì tutù, ni adágún méjèèjì bú.

Ìmọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi wá oògùn rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, ikọ̀ tí Michel Halbwachs láti ilẹ̀ Faransé darí ri páìpù kan tí ó gùn tó nǹkan bí 200 mítà sínú Nyos; wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi ìsàlẹ̀ gòkè fún ìgbà díẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, páìpù náà sì wá ń gbé omi sókè fúnra rẹ̀ láìlo epo, nígbà náà ó ń tú u sí òfuurufú tó nǹkan bí 50 mítà. Wọ́n ri páìpù sí Monoun náà ní ọdún 2003, wọ́n sì fi méjì kún ti Nyos ní ọdún 2011.

Ewu kejì ni ògiri tí ó sé adágún Nyos mọ́ ní ìhà àríwá, tí òkúta rẹ̀ rọ̀ tí omi sì ń jẹ, nítorí pé bí ó bá ya, ìkún-omi rẹ̀ á gba odò Katsina-Ala wọ Nàìjíríà. Wọ́n ti fi símẹ́ǹtì fún un lágbára. Ti àwọn ènìyàn ni kò tètè yanjú. Àwọn tí ó lé ní 4,000 ni ìjọba kó lọ sí àwọn ibùdó bíi Buabua, Kimbi àti Esu, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ, jìnnà sí ilẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n jogún. Àwọn kan kò dúró de àṣẹ ìjọba kí wọ́n tó padà lọ dáko sí àfonífojì Nyos. Ní ọdún 2019, ìwádìí fi hàn pé gáàsì tí ó kù nínú adágún náà ti dín kù gidigidi, àti pé ẹyọ páìpù kan ṣoṣo tó láti máa gbé èyí tí ó ṣì ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀ jáde.