Wòlímọ̀: Bí Ọ̀rọ̀ Àsè Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kọ́

Bí a bá gba Múṣin, Yábàá tàbí Sùúrùlérè kọjá lópin ọ̀sẹ̀, kì í pẹ́ tí a ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó àwọn Mùsùlùmí. Nínú ìwé ìpè wọn, ọ̀rọ̀ méjì sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn: wòlímọ̀ àti nìkáà. Wòlímọ̀ ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò lónìí.

Nínú èdè Lárúbáwá, àsè ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Ànábì Muhammad sọ fún Abdur-Rahman ọmọ Awf, nígbà tí ó gbéyàwó, pé kí ó se àsè, ìbáà ṣe àgùntàn kan péré ni yóò pa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé ẹ ń lọ sí wòlímọ̀, ayẹyẹ kíka Kùránì ni yóò wá sí i lọ́kàn. Kí ló fa ìyípadà yìí?

Ní èrò tèmi, àwọn baba wa ni wọ́n so ẹ̀kọ́ kéwú mọ́ ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin tí ó ti kàwé ní ilé-kéwú a máa dúró di ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ́ ẹ sí. Yóò jókòó síwájú àáfà pẹ̀lú wàláà, yóò ka àwọn súrà kéékèèké, yóò bọ́ sórí Fátíhà, yóò sì kà dé ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Bákárà. Ẹbí a máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò so yìgì níṣojú wálì ìyàwó àti ẹlẹ́rìí méjì, tí ọkọ yóò sì san sàdáàkì. Nígbà tí ayẹyẹ ìwé àti àsè ìgbéyàwó pàdé lójú kan, orúkọ èkejì bọ́ mọ́ èkíní lára.

Ẹ má gbàgbé sàdáàkì náà. Owó orí, ẹbí ni wọ́n ń gbé e fún, ọ̀pọ̀ ẹbí sì máa ń dá a padà, wọn a ní àwọn kò ta ọmọ. Sàdáàkì kò rí bẹ́ẹ̀. Súrà Nísáì, ẹsẹ 4, fi yé wa pé ti ìyàwó fúnra rẹ̀ ni. Ohun méjì, nígbà náà, ni ìyàwó ń mú lọ sílé ọkọ tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an: ìmọ̀ tí ó kà àti sàdáàkì tí ó gbà.

Àyípadà dé bá ti àkọ́kọ́. Ní 1896, ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí l'Ékòó. Ní 1923, a dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé òyìnbó láìpàdánù ẹ̀sìn rẹ̀. Èrè ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó gba òwúrọ̀, kéwú sì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Láti 1955, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé kó lọ sí Sùúrùlérè, wọ́n sì jìnnà sí agboolé àti àáfà tí wọ́n mọ̀.

Lónìí, àwọn òbí kan ti ń ṣe wòlímọ̀ fún ọmọ wọn ní kékeré. Ìyàwó mìíràn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú yìgì ni ó ń pe àáfà kí ó kọ́ òun ní ohun tí òun yóò kà. Aṣọ ẹbí pé, ìlù pé, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìwé náà ti fò lọ.

Àwọn kan ní kí á dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ìtumọ̀ rẹ̀ ti Lárúbáwá. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a yá ti di tiwa, ìtumọ̀ tí a fún un sì jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba wa ka ìmọ̀ ọmọbìnrin sí ohun tí ó yẹ kí á pe ènìyàn wá wò. Kí á má jẹ̀ẹ́ kí ó ku orúkọ lásán. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ìgbéyàwó àwọn ọmọ wa. Àmín.