Ibi Nìkan Kọ́ Là Ń Wò: Ìtàn Ẹ̀kọ́ nípa Agbára Ìwà àti Àlàáfíà Ọkàn

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò ti ilé Ifá wá. Ìtàn àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ni, àwọn tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ọmọ ènìyàn. Ọ̀dọ̀ olúwo ni a ti kọ́ṣẹ́ ní tiwa, kì í ṣe yunifásítì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kàwé ni wọ́n là á yé wa. Nígbà tí a gbọ́ ọ tán, a rí i pé àṣìṣe tí àwọn onímọ̀ náà rí nínú iṣẹ́ wọn, àwa náà ń ṣe é lórí ẹní Ifá. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a sọ ọ́ níwájú yín.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ yìí gbà pé ó wà lọ́rùn wọn: ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, mímú kí ayé gbogbo ènìyàn túbọ̀ dára, àti títọ́ ẹ̀bùn àwọn tí orí fún ní òye. Ogun parí ní 1945, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó dàrú. Ní 1946, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ìlera ọpọlọ. Ní 1949, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ fún un. Ibi tí owó wà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọjú sí. A kò lè bẹnu àtẹ́ lù wọ́n, nítorí wọ́n rí ọ̀nà àtitọ́jú ọ̀pọ̀ àìsàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì yòókù di ohun ìgbàgbé. Nígbà tí Abraham Maslow kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1954 pé àbùkù ènìyàn ni ìmọ̀ yìí mọ̀ jù, pé kò mọ agbára àti ìwà rere rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, àwọn tó fetí sí i kò pọ̀.

Ẹni tó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Martin Seligman, bẹ́ẹ̀ ibi ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Pennsylvania, òun àti Steven Maier ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú ajá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967. Wọ́n so àwọn ajá kan mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi iná mànàmáná ta wọ́n, kò sì sí ohun tí ajá náà lè ṣe tí yóò fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó wọn sínú àpótí tó jẹ́ pé bí ajá bá fò kọjá ìdènà kékeré kan, ó bọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò fò. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń ké. Àwọn onímọ̀ méjèèjì sọ pé àwọn ajá náà ti kẹ́kọ̀ọ́ pé akitiyan àwọn kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ajá kan wà tí wọn kò juwọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwọ̀nyí ni kò sì kúrò lọ́kàn Seligman.

Ní 1998, ó di ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáíkọ́lọ́jì ti Amẹ́ríkà. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ló la òun lójú. Wọ́n jọ ń tu koríko nínú ọgbà. Ó jágbe mọ́ ọmọ náà. Ọmọ náà rán an létí pé òun máa ń sunkún ṣáá tẹ́lẹ̀, pé ọjọ́ tí òun pé ọdún márùn-ún ni òun pinnu láti jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí òun bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá òun náà lè jáwọ́ nínú ìkanra. Seligman rí i pé ọmọ títọ́ kọjá títún àbùkù ọmọ ṣe; kí a rí agbára tó wà nínú rẹ̀ kí a sì bomi rin ín ni iṣẹ́ gan-an. Ohun tó fi ọdún ipò rẹ̀ polongo nìyẹn. Ní 2000, òun àti Mihaly Csikszentmihalyi gbé ẹ̀kọ́ tuntun náà kalẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ wọn.

Ní 2004, Seligman àti Christopher Peterson ka agbára ìwà 24 jáde, wọ́n sì pín wọn sábẹ́ ìwà rere mẹ́fà: ọgbọ́n, ìgboyà, ìfẹ́ ọmọnìkejì, òdodo, ìkóra-ẹni-níjàánu, àti mímọ̀ pé ohun kan wà tó ju ẹni lọ. Wọ́n wá a dé inú ìwé àwọn ará Ṣáínà, ti Íńdíà, ti Gíríìsì àtijọ́, ti àwọn Júù, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí. Ifá kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún kejì, 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àjogúnbá ńlá ọmọ aráyé. Ẹnu àti inú ni a tọ́jú tiwa sí, ẹni tí kò bá gbọ́ kò lè kà á mọ́ra. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀kọ́ náà kò ṣàì ní àṣìṣe tirẹ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ méjì gbé ìṣirò kan jáde, tí wọ́n yá láti inú ìmọ̀ bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, pé bí ìmọ̀lára rere ẹnì kan kò bá tó ìlọ́po 2.9 ti búburú, ayé rẹ̀ kò lè gún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á. Nick Brown, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì East London, yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Òun àti àwọn méjì mìíràn tẹ àríwísí wọn jáde ní 2013, a sì yọ ìṣirò náà kúrò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Èyí tó jọ wá lójú jù lọ ṣẹlẹ̀ ní 2016. Maier ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo inú ọpọlọ ẹranko, òun àti Seligman sì jẹ́wọ́ pé àwọn ti kà á sódì ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni àìlè-ṣe-nǹkan. Bí ìyà bá pẹ́ lára, bí ara ṣe ń ṣe fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí a ń kọ́ ni pé nǹkan wà tí ọwọ́ ẹni ká, apá iwájú ọpọlọ ló sì ń gbé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin awo, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni ẹni tó wá dáfá lọ́dọ̀ wa ń kọ́ kó tó padà sílé? Ìbò tí a ń dì, ire àti ibi ló ń bi. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wa kì í yá àfi tó bá kan ikú, àrùn, òfò àti ọ̀tá ilé. Àwa pẹ̀lú ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá oníṣòwò kan wá bá wa, Ifá fọ ire ajé. A sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a sì fi ìyókù ọ̀sán ka ọ̀tá fún un. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a gbọ́ pé ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, nítorí ẹ̀rù àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Ifá kò purọ́. Àwa la so obìnrin náà mọ́lẹ̀.

Ẹ kò ní í gbàgbé ìtàn ìgbà tí gbogbo orí pàdé tí wọn kò pe ẹsẹ̀, tí ìmọ̀ràn wọn kò sì lójú. Bí a bá rí ibi, kí a sọ ọ́, kí a rú u. Ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lórí ẹní wa láìmọ ire tó wà nínú orí rẹ̀ àti ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣe sí i.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí a ṣì í sọ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.